Iná lórí iṣan, mọ́tọ̀ lórí eékún: ohun tí iṣẹ́ títún ẹsẹ̀ ṣe kọ́ mi ní Ìkòròdú

Ìbéèrè tí àwọn ará ilé aláìsàn máa ń kọ́kọ́ bi àwa tí à ń ṣe físíò ní Ìkòròdú kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ wo ni yóò mú un rìn? Ó lè jẹ́ bàbá tí rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún, ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ́ tí ọkadà gbé ṣubú ní títì Ṣágámù tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa. Wọ́n ti rí fídíò ẹni tó wọ irin oní-mọ́tọ̀ sẹ́sẹ̀, tó dìde lórí kẹ̀kẹ́ arọ, tó sì ń rìn lọ. Wọ́n tún ti rí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tó ń fi iná mànàmáná mú ẹran itan sún kì. Èwo ni kí wọ́n wá owó rẹ̀?

Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti bá méjèèjì ṣiṣẹ́, ni pé iná ló yẹ kó ṣáájú, kí mọ́tọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí méjèèjì bá sì pàdé lára ẹnì kan, iṣan ni kó máa ṣiṣẹ́, kí mọ́tọ̀ máa fi kún èyí tí kò bá tó. Bí mọ́tọ̀ bá ń ṣe gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran inú rẹ̀ ń rù sí i ni.

Iná lórí iṣan kì í ṣe nǹkan àná. Lọ́dún 1961, Liberson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti lo ẹ̀rọ tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú kí ẹsẹ̀ wọn máa wọ́ nílẹ̀. Súìṣì kan lábẹ́ gìgísẹ̀ ló ń tan iná náà tó sì ń pa á. Ní Ljubljana, ní Slovenia, Kralj àti Bajd fi iná mú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa dìde, wọ́n sì mú wọn rìn. Róbọ́ọ̀tì ẹsẹ̀, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní exoskeleton, ló dé lẹ́yìn. ReWalk, tí Amit Goffer ṣe ní Ísírẹ́lì, gba àṣẹ FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2014 pé kí aláìsàn lè máa lò ó nílé. Ekso àti Indego, tí àwọn náà jẹ́ róbọ́ọ̀tì ẹsẹ̀, gba àṣẹ àjọ náà lọ́dún 2016. Owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju 60,000 dọ́là lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí róbọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ iná la lè ní lọ́wọ́, òun náà ló sì ń pèsè ẹsẹ̀ sílẹ̀ de mọ́tọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣan náà ń dá iná lóhùn. Iná tá a ń lò kì í ta ẹran fúnra rẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tó wọnú ẹran, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní nerve, ló ń ta, òun ló wá ń pàṣẹ fún ẹran pé kó sún kì. Bó bá jẹ́ ọpọlọ ló fara pa, tàbí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn lókè, iṣan ìmọ̀lára tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹsẹ̀ yóò dáhùn. Bó bá jẹ́ iṣan ìmọ̀lára náà gan-an ló kú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ìfarapa ìsàlẹ̀ pátápátá ọ̀pá ẹ̀yìn wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí tí abẹ́rẹ́ lọ bá iṣan ìmọ̀lára náà wà níbẹ̀, wọn ò sì kéré láàárín wa. Iná kúkúrú, tí lílù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju 300 µs lọ (µs kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), kò ní mú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mì, bó ti wù kéèyàn gbé e sókè tó. Iná gígùn, 100 ms sókè (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), ni ẹran bẹ́ẹ̀ ń gbọ́, ẹ̀rọ mìíràn ló sì ń fúnni nírú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á máa yí bọ́tìnnì sókè títí awọ ara yóò fi jó.

Ìṣòro kejì ni ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti iṣẹ́ yìí. TENS tí wọ́n ń tà káàkiri, ti dídín ìrora kù ló jẹ́. Iná rẹ̀ sábà máa ń lọ láìdúró, kò ní àkókò ìsúnkì àti àkókò ìsinmi. Ohun tí mo máa ń sọ pé kí wọ́n wò lára páálí nìyí: kí wọ́n kọ EMS tàbí NMES sí i, orúkọ ẹ̀rọ iná tó ń mú ẹran sún kì, kó ní ojú méjì tí iná ń gbà jáde, kí a lè yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè lọ́tọ̀, kó lè fúnni ní 300 µs ó kéré tán, àti 80 mA sókè (mA la fi ń wọn bí iná ti le tó), kó ṣeé sọ fún pé kó ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá báyìí kó sì sinmi fún báyìí, kí iná rẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kó má kàn já lu èèyàn. Kó sì jẹ́ oníbátìrì. Nígbà tí iná NEPA bá lọ tó tún dé lójijì, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe ségesège, kò yẹ kí wáyà kankan so ara aláìsàn mọ́ ògiri. A kì í lo ẹ̀rọ lára èèyàn nígbà tó bá wà lórí ṣájà.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ládùúgbò wa, ara awọ ló wà. Ará ilé ti fi àdí pa ẹsẹ̀ náà láàárọ̀, wọ́n ti fi òrí sí i lálẹ́, ìfẹ́ ló sì mú wọn ṣe é. Epo kì í jẹ́ kí iná kọjá. Páàdì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí iná ń gbà wọ ara, kò ní lẹ̀ dáadáa, ibi kékeré tó lẹ̀ ni gbogbo iná yóò rọ́ gbà, ibẹ̀ ló sì máa ń jó. Bí páàdì 5×5 cm bá ṣí dé ìdajì, iná tó ń gba orí ìwọ̀n awọ kan náà di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Torí náà: ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́, aṣọ ìnura tó mọ́, kí a dúró kó gbẹ. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ tán kí ẹ tó fi òrí sí i.” Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n lè pa á bó ṣe wù wọ́n. Irun ẹsẹ̀ tó bá pọ̀, sísọ̀sì ni kí wọ́n fi gé e. Réésà máa ń fi ojú egbò kéékèèké sílẹ̀, iná á sì máa ta wọ́n níbẹ̀.

Ooru àti òógùn náà ń fìyà jẹ páàdì. Èyí tí wọ́n ní ó ṣeé lò tó ogún ìgbà, ó lè má tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ kán omi díẹ̀ sí ojú rẹ̀ tó bá ti ń gbẹ, ẹ dá a padà sórí ọ̀rá rẹ̀, ẹ dé e mọ́ inú ike. Bí kò bá lẹ̀ mọ́, ẹ má fi séláteèpù dì í kí ẹ máa bá a lọ. Ẹ jù ú nù. Àwọn páàdì rọ́bà dúdú tí a ń fi jẹ́lì sí, tí a sì ń fi báńdéèjì wé mọ́ ẹsẹ̀, pẹ́ jù wọ́n lọ, mo sì fẹ́ràn wọn fún iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n jẹ́lì gbọ́dọ̀ bo gbogbo ojú wọn. Páàdì aláìsàn kan kì í kan ara ẹlòmíràn.

Lórí ẹ̀rọ, 30 sí 40 Hz ni mo ń lò fún ẹsẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 20, ẹran yóò máa gbọ̀n ni, kò ní dì. Tó bá ju 50 lọ, yóò dì dáadáa ṣùgbọ́n yóò tètè rẹ̀ ẹ́. Ìbú iná, ìyẹn bí lílù kọ̀ọ̀kan ti gùn tó, 300 µs. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá 5 iṣẹ́, 15 ìsinmi. Bí agbára bá ṣe ń dé, 10 iṣẹ́, 10 ìsinmi. Ìṣẹ́jú 20 sí 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. mA ni a kì í kọ sílẹ̀ fún aráalé láti ilé ẹlòmíràn, torí ara kò dọ́gba: ojúgun lè dáhùn ní 20, itan lè má mira kó tó di 60. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń mọ nǹkan yóò sọ nígbà tó bá ń dùn ún. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nínú ẹsẹ̀ kò ní sọ, ojú wa ló kù tí yóò ṣọ́ ọ: a ń ṣí páàdì wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Pípọ́n díẹ̀ tó dọ́gba lábẹ́ páàdì kò burú. Tí kò bá tíì lọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tó jẹ́ ojú kan péré ló pọ́n, a ò ní fi nǹkan kan síbẹ̀ títí yóò fi san. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í hàn kedere, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kàn án, ẹ wò ó bó gbóná tàbí bó le ju àyíká rẹ̀ lọ.

Ibi tí páàdì wà ló ṣòroó kọ́ jù, kò sì sí àwòrán tó lè kọ́ni tán. Fún ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹ wá egungun róbótó tó yọ ní ìta ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ eékún díẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó sún mọ́ awọ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka lè yí i síwá sẹ́yìn. Páàdì tí wáyà dúdú rẹ̀ so mọ́, ibẹ̀ gan-an ni, lẹ́yìn egungun náà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Èkejì wà lórí ẹran ojúgun, nǹkan bíi 6 cm sí ìsàlẹ̀ àti síwájú. Ẹ wá tan iná díẹ̀díẹ̀ kí ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá gòkè tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì dojú kọ ìta jù, ẹ sún páàdì òkè síwájú ní ìwọ̀n ìbú ìka kan. Bó bá jẹ́ inú ló yí sí, ẹ sún un sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ń nà sílẹ̀ dípò kó gòkè, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lẹ ń ta. Páàdì ti lọ sẹ́yìn jù. Ìwọ̀n ìbú ìka kan ló máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ tó gòkè tọ́ọ́ àti èyí tó máa yí èèyàn lulẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ fi bírò yí etí páàdì ká sára awọ kí ará ilé lè rí ibẹ̀ lọ́la.

Itan rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Páàdì ńlá, 5×9 cm, ọ̀kan lókè eékún ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, níbi tí ẹran ti yọ síhà inú. Èkejì lókè itan, síhà ìta. Páàdì kékeré níbẹ̀ á máa ta awọ kí ẹran tó gbọ́.

Súìṣì abẹ́ gìgísẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bàtà tó ní ẹ̀yìn ló ń fẹ́. Nínú sílípáàsì, gìgísẹ̀ ń gbéra kúrò lórí rẹ̀ nígbà tí kò yẹ, iná á sì máa tàn nígbà tí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ bàtà wọlé, tó ń bọ́ bàtà wọ mọ́ṣáláṣí, ìbọ̀sẹ̀ tó fún la máa ń rán súìṣì mọ́. Iyanrìn inú ọgbà sì ń wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ́kọ́ wo súìṣì, ẹ wá wo ìdí wáyà níbi tó ti wọnú páàdì, torí ibẹ̀ ló máa ń já sí nínú rọ́bà láìhàn síta.

Kí ló dé tí iná nìkan kò wá tó? Ó ń tètè rẹ iṣan. Nínú ara tó dá, ọpọlọ kì í pe gbogbo fọ́nrán ẹran lẹ́ẹ̀kan náà; àwọn kan ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ń sinmi, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n ní etí ọ̀sà Èbúté. Àwọn tí kì í tètè rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ pè. Iná orí awọ kò mọ ètò yẹn. Àwọn kan náà ló ń pè ní gbogbo ìgbà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, àwọn ńláńlá tó tètè ń rẹ̀ sì wà nínú wọn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, eékún tó dúró gbọnin á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Èkejì, itan kò ṣeé fi iná gbé síwájú dáadáa, torí iṣan tó ń gbé e jìnnà sínú ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn. Páàdì kò lè dé ibẹ̀. Ohun táwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fi iná líle ta ìsàlẹ̀ eékún kí ẹsẹ̀ lè fà sókè fúnra rẹ̀ bíi ti ẹni tó tẹ ẹ̀gún. Ìfàsókè yẹn kì í pẹ́ kú tí a bá ń tún un ṣe.

Ohun méjèèjì wọ̀nyí ni mọ́tọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Mọ́tọ̀ ìbàdí ń gbé itan síwájú bákan náà nígbà gbogbo. Mọ́tọ̀ eékún ń ti eékún pa nígbà tí èèyàn dúró, kí a lè pa iná itan kó sinmi. Ohun tí mọ́tọ̀ kò lè ṣe ni kó mú ẹran tóbi, kó sì mú un lágbára. Iná ń ṣe ìyẹn. Èmi kì í fẹ́ kí ẹni tó ti jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù wọ róbọ́ọ̀tì kí ó tó fi iná ṣiṣẹ́ lórí itan àti ìdí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìjókòó, kí ẹran rẹ̀ lè ní ohun tí yóò mú wá síbi iṣẹ́.

Wíwọ̀ rẹ̀ gba sùúrù ju rírìn rẹ̀ lọ. Ojú ìdè eékún róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá eékún èèyàn mu: ẹ tẹ eékún, ẹ fọwọ́ wá egungun méjèèjì tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ itan, àárín wọn ni ojú ìdè náà. Bó bá yẹ̀ ní 2 cm, bẹ́líìtì ojúgun á máa gòkè á máa sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, yóò bó awọ, yóò sì ká páàdì tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ sókè. Torí náà páàdì ni a ń kọ́kọ́ lẹ̀, a ó dán iná wò, ká tó wá ibi tí bẹ́líìtì yóò gbà tí kò ní tẹ páàdì mọ́lẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wáyà níbi eékún àti ìbàdí. Èyí tó bá nà tán ní ìdúró yóò já ní ìjókòó. Eékún tí kò nà tán, ọrùn ẹsẹ̀ tí kò tẹ dé ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ fi lè balẹ̀, iṣẹ́ nínà wọn ló kàn, róbọ́ọ̀tì kọ́. ReWalk kò sì gba ẹni tó bá wúwo ju 100 kg lọ.

Ibi tí àpapọ̀ ti máa ń dàrú jù ni àkókò. Mọ́tọ̀ ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Iṣan kì í ṣe bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn tí iná bá tàn, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kí agbára tó dé, tí iná bá sì kú, agbára náà kì í lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá tan iná itan nígbà tí gìgísẹ̀ balẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ìwọ̀n ara ti dé kí eékún tó le. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lókè, tó ń lọ balẹ̀, ni kó tàn. Bí a kò bá sì tètè pa á, ẹran itan á ṣì le nígbà tí mọ́tọ̀ ń gbìyànjú láti tẹ eékún. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà, ẹ̀rọ á rò pé ara ló ń gan, á sì dúró gírígírí. Ẹni tó bá rí i tí róbọ́ọ̀tì ń dúró láàárín ìṣísẹ̀ léraléra, kó wo àkókò pípa iná kó tó máa bá mọ́tọ̀ wí. Bí ìrìn bá yára sí i, àkókò gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú.

Lẹ́yìn àkókò ni ìpín. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Vanderbilt, níbi tí Indego ti jáde, lo ọ̀nà kan tó bá ọgbọ́n mu: agbára tí mọ́tọ̀ ń lò nínú ìṣísẹ̀ kan ni wọ́n fi ń ṣètò iná ìṣísẹ̀ tó kàn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ẹni tí ń ṣe é lọ́wọ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá lè fi agbára mọ́tọ̀ hàn, ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ìrìn kan náà, ilẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n tí agbára mọ́tọ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀: iṣan ti ń rẹ̀ nìyẹn, bí aláìsàn bá tiẹ̀ ń sọ pé ara òun le. Ìgbà yẹn la ń fún un nísinmi. Gbígbé iná sókè lásìkò yẹn kì í mú agbára wá, awọ ló ń yọ lẹ́nu. Ẹ má sì so iná mọ́ róbọ́ọ̀tì tó ń ka àmì inú iṣan, bíi HAL ti Japan. Àmì tí irú wọn ń gbọ́ lára awọ kéré gan-an, iná tiwa sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Kò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ àyàfi ariwo iná náà.

Ewu wà tí kò gba àwàdà. Egungun ẹni tí kò tíì dúró láti ọdún mélòó kan ti fúyẹ́, pàápàá lókè àti nísàlẹ̀ eékún. Bí mọ́tọ̀ bá ti eékún pa tí iná líle sì ń fa itan, egungun lè kán láìjẹ́ pé aláìsàn mọ̀ ọ́n lára. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo egungun náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìfarapa rẹ̀ wà ní egungun ẹ̀yìn kẹfà ti ìhà àyà tàbí lókè rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fò sókè lójijì: orí á máa fọ́ ọ, òógùn á bo ojú àti ọrùn rẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ mú un jókòó, ẹ tú gbogbo bẹ́líìtì, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó ti ká, ẹ wọn ìfúnpá léraléra. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn láìjáfara. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú àyà tó ń mú ọkàn lù, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú tó sì gbóná lójijì, aboyún, ẹni tí wárápá rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, ẹni tí jẹjẹrẹ wà níbi tí páàdì yóò wà: a kì í fi iná sí wọn lára láìjẹ́ pé dókítà wọn fọwọ́ sí i.

Ní Ìkòròdú, ohun tí mo sábà máa ń tò fún aláìsàn ni iná olójú méjì, irin àti rọ́bà tí àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wọ̀n fún un tó ń ti eékún àti ọrùn ẹsẹ̀ mú, àti irin ìdìmú méjì tí èèyàn ń rìn láàárín rẹ̀. Irin náà ń ṣe iṣẹ́ tí mọ́tọ̀ eékún ń ṣe nígbà ìdúró. Ọwọ́ físíò tàbí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n aláìsàn ló ń ṣe ti ìbàdí. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n wá, àwọn ọjọ́ tó kù nílé, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti ibí dé Ìkẹjà tàbí Ìgbòbì, níbi tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá wà, lè gba gbogbo agbára tó yẹ kí aláìsàn fi ṣiṣẹ́. Ẹnì kan nínú ilé ni kí ó kọ́ ọ, kì í ṣe ẹni mẹ́rin, kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé: mA ti òní, iye ìṣẹ́jú, bí awọ ti rí.

Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, a ń pa iná, a sì ń tú irin kúrò. Kí ó jókòó sórí àga, kó gbìyànjú láti na eékún fúnra rẹ̀. A ń wọn bí gìgísẹ̀ ti gbéra kúrò nílẹ̀ tó. Bí rọpárọsẹ̀ bá ni, a ń wo ìrìn mítà mẹ́wàá láìsí iná, a sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. Bí òǹkà méjèèjì kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń ṣe é déédéé, páàdì ni mo máa ń kọ́kọ́ tún wá ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa wo ìwé ilé bóyá mA ti dúró lójú kan láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀.